Tẹlifíṣọ̀n Òkè Òkun àti Ti Ọjà Ilé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìletò wa, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé kí ọmọ tí ó wà ní òkè òkun fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Ọkọ̀ yóò já àpótí náà sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdé yóò pé bò ó, bàbá yóò sì pàṣẹ pé kí a fi ọ̀bẹ rọra là á. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dúdú kan ni yóò jáde láti inú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń dán bí omi inú àwo. Ẹnìkan tí ó mọ̀wé díẹ̀ yóò wá irin tí yóò mú kí ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mu, yóò kì í bọ ara ògiri, yóò sì tẹ bọ́tìnì. Nígbà mìíràn àwòrán a jáde, inú gbogbo ilé a sì dùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun kan a bú pà nínú ẹ̀rọ náà, èéfín a rú, òórùn rọ́bà jíjó a gba gbogbo iyàrá, ohun tí ọmọ fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rà a sì di ohun tí a gbé sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.

Èyí tí ó burú jù nínú ọ̀ràn náà ni pé ọ̀pọ̀ òbí kì í lè sọ fún ọmọ pé ẹ̀rọ ti jó. Ojú a máa tì wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ rò pé wọn kò mọ ohun rere í lò. Wọ́n a ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọmọ a tún ra irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ kí ó tó kúrò ní ibi tí a ti rà á, ọmọ náà kò sì ra ọjà gbàrọgùdù. Ìdí ọ̀ràn ni pé a kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo ayé bí a ti ń ṣe àga tàbí ìkòkò. Iná orílẹ̀-èdè kan ni a ṣe é kí ó máa jẹ, ìgbì tí ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà ń rán jáde sínú afẹ́fẹ́ ni a sì ṣe é kí ó máa gbà. Bí a bá gbé e kúrò níbẹ̀, ó lè bá ibòmíràn mu, ó sì lè má bá a mu rárá. Ọ̀ràn yìí kan àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú pẹ̀lú, àwọn tí ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ kan sí gbọ̀ngàn ìlú, tí àwọn kan nínú wọn a sì máa dábàá pé kí a fi owó náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà kí wọ́n bá wọn rà á. Owó àwùjọ ni irú owó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣòfò, kò sí ẹnìkan tí a lè mú pé kí ó san án padà.

Ọ̀ràn Iná

Iná mànàmáná tí ń wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fólítì, gẹ́gẹ́ bí ti Britain. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 péré. Fólítì ni ìwọ̀n ipá tí iná fi ń ti ara rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ, bí omi inú táǹkì tí a gbé sókè ti ń ti ara rẹ̀ wọ inú ọ̀pá. Bí táǹkì bá ti ga tó ni ipá omi náà yóò ti tó. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ tí a ṣe fún 120 sí orí 230 dà bí ẹni tí ó so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀pá omi ńlá: rọ́bà náà yóò bẹ́. Nínú tẹlifíṣọ̀n, fíúsì ni ó máa ń kọ́kọ́ já, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ń gba iná wọlé a sì bú. Bí orí bá bá onílé ṣe é, pátákó iná nìkan ni yóò bàjẹ́, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iná náà yóò kọjá síwájú, ìtúnṣe yóò sì di ohun tí owó rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ tuntun lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí a rà ní Amẹ́ríkà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni a ti lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn, tàbí kí a tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ara ike rẹ̀. Bí a bá kọ AC 100-240V 50/60Hz síbẹ̀, ẹ̀rọ náà lè jẹ iná tiwa àti iná tiwọn. Bí ó bá ṣe AC 120V 60Hz ni a kọ, iná Amẹ́ríkà nìkan ni ó mọ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí tó láti gba owó ènìyàn sílẹ̀. Ó sì yani lẹ́nu pé orúkọ tí ó ń dán ní iwájú ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn máa ń kà, tí wọn kì í ka èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn.

Nọ́ńbà 50 àti 60 tí ó tẹ̀lé e ń sọ iye ìgbà tí iná náà ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Nàìjíríà jẹ́ 50, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ní ti iná jíjẹ, tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí. Ní ti àwòrán, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì pàápàá yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ewé irin pẹlẹbẹ méjì. Ti Britain jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin, bíi tiwa. Ti Jámánì àti ti orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá jẹ́ ẹsẹ̀ roboto méjì. Níhìn-ín ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ wà: ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin kékeré tí a fi ń mú kí púlọ́ọ̀gì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì mu ń dín iná kù. Kò dín in kù rárá. Ẹnu nìkan ni ó yí padà. Odidi 230 náà ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Irin tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yìí ni ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ọ̀ràn Àwòrán àti Ohùn

Ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi tẹlifíṣọ̀n hàn láti Ìbàdàn. Ìlà 625 ni a fi ń ya àwòrán náà. Ní àkókò kan náà, ìlà 405 ni Britain ṣì ń lò. Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n ìlà 405 tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá rà ní London ní ọdún 1960 kò lè fi àwòrán Ìbàdàn hàn, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni orílẹ̀-èdè tí ó ti rà á ni ó ń ṣàkóso wa nígbà náà.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn níbi tí ó ti ń hun aṣọ òfì yóò tètè mọ ohun tí ìlà jẹ́. Ahunṣọ kì í hun aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òwú kan ni ó ń fi ti òwú kan títí iṣẹ́ ọnà inú aṣọ náà yóò fi hàn. Bákan náà ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń fi ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ti òmíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó sì ń parí odidi àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, ìlà 525 ni wọ́n ń lò, àwòrán 30 ni wọ́n sì ń parí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni tí ń rán àwòrán bá ń ka 625, tí ẹ̀rọ inú ilé sì ń ka 525, àwòrán náà yóò máa yí gbirigbiri, tàbí kí ó fà ya, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ sọnù tí yóò fi di dúdú òun funfun.

Ní ọdún 1964 ni Britain náà bẹ̀rẹ̀ sí lo ìlà 625, àwọn ènìyàn sì rò pé wàhálà ti parí. Kò parí. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, àlàfo sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní Nàìjíríà, ìwọ̀n àlàfo náà jẹ́ mẹ́gáháàtì 5.5. Ní Britain, ó jẹ́ 6. Ní Benin àti Tógò, tí wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà àwọn Faransé, ó jẹ́ 6.5. Ẹ̀rọ tí a kọ́ láti máa fetí sí 6 kò lè gbọ́ ohun tí a sọ ní 5.5. Nítorí èyí, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère tí àwọn tí ń ti London bọ̀ gbé wálé a máa fi àwòrán hàn kedere, ẹnu oníròyìn a máa mì, ṣùgbọ́n ariwo ṣáá-ṣáá nìkan ni etí ń gbọ́. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rédíò dáadáa mọ ẹ̀yà kékeré kan tí a lè pààrọ̀ nínú rẹ̀ kí ohùn lè dé, iṣẹ́ yìí a sì máa mú owó wọlé fún un. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ ni pé ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì wa bá ti Britain mu, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Jámánì ń gbà rán àwòrán òun ohùn ni ó bá tiwa mu nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n Jámánì a máa sọ̀rọ̀ nílé wa láìsí àtúnṣe, bí a bá ti lè rí ọgbọ́n dá sí púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà tuntun ti dé, nínú èyí tí a ń sọ àwòrán òun ohùn di nọ́ńbà kí a tó rán wọn sínú afẹ́fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà pa ọ̀nà àtijọ́ tì ní ọjọ́ 12 oṣù June, ọdún 2009, Britain sì parí tirẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù October, ọdún 2012. Ní Nàìjíríà, láti ìlú dé ìlú ni a ń gbé ọ̀nà tuntun náà kálẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní oṣù April, ọdún 2016, ó dé Ìlọrin ní oṣù December, ọdún 2017, ó dé Òṣogbo ní oṣù February, ọdún 2018, ó sì dé Èkó ní oṣù April, ọdún 2021.

Ènìyàn ì bá rò pé ní àkókò tuntun yìí gbogbo ayé yóò fi ohùn ṣọ̀kan. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a ń pè ní DVB-T2 ni Nàìjíríà yàn. Amẹ́ríkà yan ATSC. Ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí láti ayé àtijọ́, ọ̀nà àwọn ará Japan ni wọ́n mú, tí wọ́n sì tún un ṣe; ní Cuba, ọ̀nà àwọn ará Ṣáínà ni. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò ní láti há ẹnikẹ́ni sórí. Ohun tí ó yẹ ní mímọ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n tí a ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan kò lè fi éríà gba àwòrán ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kankan, ìbáà ṣe ní ọ̀nà àtijọ́ tàbí ní ọ̀nà tuntun, àti pé èyí tí a bá fẹ́ kí ó gba ọ̀nà tuntun wa gbọ́dọ̀ ní T2 nínú ìwé rẹ̀. Àwọn tẹlifíṣọ̀n Britain tí ó ti pẹ́ díẹ̀ kò ní in. T lásán ni wọ́n ní.

Ẹnìkan lè dáhùn pé dikódà ni òun ń lò, òun kò bá éríà ṣe. Òótọ́ ni, dikódà ni yóò gba àwòrán, tẹlifíṣọ̀n kàn ń fi í hàn ni. Síbẹ̀, wáyà kan ni ó so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà 50 àti 60 ti tún padà wá. Bí ó bá jẹ́ wáyà elẹ́nu mẹ́ta nì, tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, pupa àti funfun, àwòrán ọ̀nà àtijọ́ tiwa ni dikódà ń rán gba inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ wáyà HDMI, àwọn kan nínú wọn a gba àwòrán tí ń bọ̀ ní ìgbà 50 láìjanpata, àwọn mìíràn a sì kọ̀ ọ́. Irú èyí máa ń dunni púpọ̀: iná ẹ̀rọ ti tàn, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó hàn lójú rẹ̀ ni pé òun kò mọ irú ohun tí a rán sí òun. Ẹni tí ó jẹ́ pé fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó fẹ́ wò kò ní bá ìyọnu yìí pàdé, bí ó bá lè máa ra déétà.

Iye Tí Ó Jẹ́ Gan-an

Owó tí a kọ sí ara ọjà ní òkè òkun kì í ṣe iye tí tẹlifíṣọ̀n náà yóò jẹ́ nígbà tí ó bá dé ìletò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, owó orí ọjà kò sí nínú iye tí a lẹ̀ mọ́ ọn; ibi ìsanwó ni a ti ń fi kún un. Ní Britain, ó ti wà nínú rẹ̀, ìdá 20 nínú 100 ni. Lẹ́yìn èyí ni owó ọkọ̀ ojú omi, tí a sábà máa ń bù gẹ́gẹ́ bí àyè tí àpótí gbà ti tó, kì í ṣe bí ó ti wúwo tó, àpótí tẹlifíṣọ̀n ńlá sì máa ń gba àyè. Owó ibodè ń bẹ. Owó ajẹ́ǹtì tí yóò gbà á jáde ní èbúté ń bẹ. Owó ọkọ̀ láti Èkó dé ilé ń bẹ, bí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ ti 120, owó tiránsífọ́mà ń dúró ní ẹnu ọ̀nà. Bí náírà bá yí padà sí dọ́là tàbí pọ́n-ùn láàárín ìgbà tí a fi rà á àti ìgbà tí ó dé, èyí náà ń kan owó ibodè.

Ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà ni kí ènìyàn bẹ̀rù fún jù. Òòró ni a gbọ́dọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ nínú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn alágbàṣe èbúté bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí ó sì gbé ẹrù lé e, ojú náà yóò sán láti inú wá, nígbà tí àpótí rẹ̀ kò ní àpá kankan lára. Owó ojú tuntun a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odidi ẹ̀rọ. Ta ni a ó mú? Ilé ìtajà wà ní òkè òkun, ọkọ̀ ojú omi ti padà, ajẹ́ǹtì yóò sì wí pé bí a ti fi lé òun lọ́wọ́ ni òun ṣe gbé e wá. Ìwé gáráǹtì tí ó wà nínú àpótí náà kò lè ranni lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí a ti ra ọjà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó bá rà á nílé sanwó ní ẹ̀ẹ̀kan. Owó orí ọjà wa, tí ó di ìdá 7.5 nínú 100 ní oṣù February, ọdún 2020, kéré sí ti Britain. Olùrà lè ní kí a tan ẹ̀rọ náà níwájú òun kí ó tó ka owó sílẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ èrò ni yóò gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún ẹni tí ó ra ọjà tí ó ní àbùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FCCPC sì wà láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn tí ń kó ọjà wọlé fún tiwa mọ irú iná tí a ní. Ní ọjà wa ni a ti ń rí tẹlifíṣọ̀n tí ó lè jẹ iná ilé, tí ó sì tún lè jẹ 12 fólítì tààrà láti inú bátìrì tí oòrùn fún ní agbára. Tẹlifíṣọ̀n òde òní tí ó jẹ́ 32 íǹṣì kì í jẹ ju nǹkan bí wáàtì 30 sí 60 lọ. Fún ìletò tí òpó iná kò tíì dé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níye lórí ju tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ó ti London wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọjà ilé kò ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ olókìkí a máa wà ní iwájú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ náà kò rí rí. Àwọn kan a máa pe èyí tí kò tó 32 íǹṣì ní 32. Tépù aránṣọ ni olóòótọ́ nínú ọ̀ràn yìí: láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì, láìka férémù mọ́ ọn, 32 íǹṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 81, 43 íǹṣì sì jẹ́ 109. Kí a tan ẹ̀rọ náà fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí a fi ohun funfun hàn lójú rẹ̀ àti ohun dúdú, nítorí ibẹ̀ ni ìlà àti àbààwọ́n ti máa ń fara hàn. Kí a kọ nọ́ńbà tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ sínú rìsíìtì. Ọlọ́jà tí ó bá kọ̀ láti fúnni ní rìsíìtì ti sọ irú ọjà tí òun ń tà.

Ti tòkunbọ̀ jẹ́ ọ̀ràn ọ̀tọ̀. Òkè òkun ni ó ti wá, ọjà ilé ni a sì ti ń tà á, nítorí náà ó lè kó àbùkù méjèèjì pọ̀. Ní oṣù February, ọdún 2009, ẹgbẹ́ Greenpeace àti ilé-iṣẹ́ ìròyìn Sky News sọ ìtàn tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ pamọ́ sí inú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí a ti ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ ní Britain, níbi tí ó yẹ kí a ti tú u palẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ ní Èkó, ọjà Alábà ni wọ́n sì ti rí i. Ẹni tí ó bá rà á ì bá ti ra òkú ẹ̀rọ. Àwọn ìlànà ìjọba Nàìjíríà ti ọdún 2011 lórí ohun èlò oníná kò fàyè gba kíkó èyí tí ó ti kú wọlé, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí a ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá nínú mọ́tò àlòkù tí a fi kún. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn bí ikùn ìkòkò ní òjé nínú gíláàsì rẹ̀, èyí tí ó lè ju kílógíráàmù kan lọ nínú èyí tí ó tóbi. Nígbà tí ó bá bàjẹ́ tán tí a sì fọ́ ọ sí ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni òjé náà ń bọ́ sí.

Èwo, Nígbà Wo?

Ìgbà kan ń bẹ tí ti òkè òkun tọ́. Ẹni tí ó ń kó bọ̀ wálé pátápátá, tí ó ti san owó àyè odidi nínú ọkọ̀ ojú omi fún ẹrù ilé rẹ̀, kò ní ìdí láti fi tẹlifíṣọ̀n tí ó ń lò sílẹ̀, bí iná rẹ̀ bá ti bá tiwa mu. Ti Britain sì rọrùn ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí iná àti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá tiwa mu. Bí a bá sì fẹ́ rà á dandan láti Amẹ́ríkà, kí ìbéèrè ṣáájú owó. Ìpè kan ṣoṣo lórí tẹlifóònù ti tó:

“Ọmọ mi, kí o tó sanwó, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Bàámi, 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀ o.”

“Fi í sílẹ̀. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, èmi àti àbúrò rẹ yóò wá tiwa rà níhìn-ín.”

Ní ti ẹgbẹ́ ìlú tí ó fẹ́ ra ti gbọ̀ngàn, ọjà ilé ni ó dára jù, kò sì yẹ kí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi fi owó ránṣẹ́ dípò ẹ̀rọ. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná, kí wọ́n jọ lọ sí ọjà, kí wọ́n sì mú rìsíìtì tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí padà wá fún akọ̀wé.

Ẹni tí ẹ̀rọ 120 ti wà nílé rẹ̀ ná, tí kò tíì tàn án, kò pàdánù. Kí ó wo iye wáàtì tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì ra tiránsífọ́mà tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye náà, èyí tí ń sọ 230 di 120. Kí ẹni tí ń tún rédíò ṣe fi mítà rẹ̀ wọn iná tí ń jáde níbẹ̀ kí a tó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Tiránsífọ́mà kò mọ̀ bóyá iná ìlú lọ sókè tàbí ó sọ̀ kalẹ̀. Bí ó ti wọlé ni yóò pín in jáde, nítorí náà kí sitẹbiláísà wà láàárín òun àti ògiri. Kí a sì fi okùn so púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ tiránsífọ́mà rẹ̀ pinpin, kí ọmọdé tàbí àlejò má baà yọ ọ́ ní ọjọ́ tí kò sí ẹnìkan nílé, kí ó sì kì í bọ ara ògiri.